Bí eré D&D wa lórí Discord ṣe tún jí

Bí ẹgbẹ́ tó ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ ṣeré Dungeons & Dragons (eré ìtàn tí kálukú ti ń ṣe akọni kan) lórí Discord, ìkànnì ìfọ̀rọ̀wérọ̀, bá ń kú lọ, ẹ gbìyànjú èyí wò. Àwọn kan nínú wa wà ní Ìbàdàn, àwọn kan ní London, àwọn kan ní Houston. Ìjà kékeré kan lè gbà wá ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, torí bí ẹni tó kàn bá ń sùn, gbogbo wa á máa wo ara wa. Àwọn ẹni tuntun á wọlé, wọ́n á kí wa, ó tán.

A kọ́kọ́ ń fi @everyone, àmì tó ń pe gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ta wọ́n jí. Ṣe ni wọ́n pa wá lẹ́nu mọ́ lórí fóònù wọn. A ṣí chánẹ́ẹ̀lì síi, òfìfo ni gbogbo wọn.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé a pa títò tẹ̀lé ara wa lọ́kọ̀ọ̀kan rẹ́. Láàárín wákàtí 24, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ kọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà DM, ẹni tó ń darí eré, á dáhùn fún gbogbo ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò bá yọjú, Dodge, ìyẹn yíyẹra fún ìkọlù, ni akọni rẹ̀ ṣe. Kò sí aáwọ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀. Àsìkò tí wákàtí 24 náà yóò parí, a máa ń kọ ọ́ pẹ̀lú àmì `<t:…>` ti Discord, tó ń fi aago ìlú kálukú hàn án.

Ẹni tuntun ń gba akọni tí a ti ṣe sílẹ̀, ó sì ń wọ ìrìn kúkúrú kan nínú ìtàn. Òfin SRD 5.1 (òfin ìpìlẹ̀ eré náà), tó ti wà lábẹ́ Creative Commons (àṣẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó) láti 2023, la fi ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹgbẹ́ kékeré ni wá o. Bí tiyín bá pọ̀, ẹ lè ní láti pín in sí méjì kẹ́ ẹ tó dán an wò.