Bí Mo Ṣe San Owó Orí Lórí Iṣẹ́ Alẹ́ Mi

Iṣẹ́ oṣù ni mo ń ṣe lọ́sàn-án. Tó bá di alẹ́, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìṣirò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó ibẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ó ń wọlé déédéé. Owó orí tó wà lórí owó oṣù kì í yọ mí lẹ́nu, torí ilé iṣẹ́ ti máa ń yọ ọ́ kí owó tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ti iṣẹ́ alẹ́ ni kò sẹ́ni tó ń bá mi yọ ọ́. Nígbà tí ọdún parí, mo jókòó tì í.

Mo kọ́kọ́ wádìí bóyá owó náà tiẹ̀ tó èyí tí wọ́n ń gba owó orí lé lórí. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ní Britain, tí gbogbo ohun tó wọlé fúnni láti irú òwò bẹ́ẹ̀ lọ́dún kò bá ju £1,000 lọ, kò sí owó orí lórí rẹ̀. Èrè ni Amẹ́ríkà ń wò ní tirẹ̀: tó bá ti tó $400, èèyàn gbọ́dọ̀ jábọ̀ rẹ̀. Ẹ rí i pé ọ̀kan ń ka gbogbo owó tó wọlé, èkejì ń ka ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìnáwó. Ti Nàìjíríà, lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kéèyàn san owó orí lé lórí lọ́dún ni wọn kì í yọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń jẹ irú àǹfààní yẹn lọ́dún, owó oṣù sì lè ti jẹ ẹ́ tán kí owó alẹ́ tó yọjú.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́. Àtẹ̀gùn ni owó orí: bí owó ṣe ń gòkè ni ìdá tí wọ́n ń yọ ń pọ̀ sí i. Ibi tí owó oṣù mi gùn dé ni owó alẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní 20% ni wọ́n ń yọ níbẹ̀, tí èrè mi sì jẹ́ 1,000, 200 ni màá san, bó ti wù kí 1,000 yẹn kéré tó lójú mi. Àmọ́ kò sóòótọ́ nínú ohun tí ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ń sọ, pé tí owó alẹ́ bá ti èèyàn bọ́ sí ìpele tó ga, gbogbo owó oṣù ló máa bá a gòkè. Kìkì owó tó kọjá ààlà ni ìdá tuntun yẹn kàn.

Èrè ṣíṣírò ló gba àkókò jù. Àwọn tó ni ìkànnì tí mo ti ń kọ́ni máa ń yọ ìdá tiwọn kí wọ́n tó san tèmi, nítorí náà ohun tó dé báńkì kọ́ ni ohun tí àwọn òbí san. Iye tí àwọn òbí san ni mo kọ síbi owó tó wọlé, mo wá kọ ìdá àwọn onííkànnì mọ́ ìnáwó. Ohun tó kù kò yàtọ̀, àmọ́ tí àjọ owó orí bá lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn onííkànnì, iye tó wà lọ́wọ́ wọn á bá tèmi mu. Mo kọ gbohùngbohùn tí mo rà fún iṣẹ́ náà nìkan sílẹ̀ lódindi. Dátà ńkọ́? Gbogbo ilé ló ń lò ó, torí náà mo pín in, mo mú ìwọ̀n tó bá wákàtí ẹ̀kọ́ mu, mo sì kọ bí mo ṣe pín in sẹ́yìn ìwé. Kọ̀ǹpútà jẹ́ ti ilé iṣẹ́, n kò kà á. Àga tí mo fi ń jẹun náà ni mo fi ń kọ́ni. Ojú tì mí láti kọ ọ́ mọ́ ìnáwó.

Fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ kò le. Mo gba ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó fi gbogbo owó oṣù mi lọ́dún náà hàn pẹ̀lú owó orí tí wọ́n ti yọ. Mo kọ méjèèjì sí àyè wọn, mo fi èrè iṣẹ́ alẹ́ kún un. Ẹ má fo àyè owó orí tí wọ́n ti yọ o, òun ni kì í jẹ́ kéèyàn san owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo fẹ́ sanwó, mo fi nọ́ńbà tí wọ́n fún mi sí i, kí owó má baà lọ rìn gbéregbère láìsí orúkọ ẹni tó san án.

Àjọ owó orí bi mí bóyá kí ilé iṣẹ́ máa yọ owó orí iṣẹ́ alẹ́ ti ọdún tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù. Mo ní rárá, torí èmi kì í fẹ́ kí ẹni tó ń ṣètò owó oṣù wa máa ro ibi tí àfikún yẹn ti wá. Ọ̀gá mi mọ̀ nípa iṣẹ́ alẹ́, ìwé tí mo fọwọ́ sí kò sì kà á léèwọ̀, àmọ́ gbogbo ọ́fíìsì kọ́ ló yẹ kó mọ̀. Nísinsin yìí, tí owó ẹ̀kọ́ bá ti wọlé, ìdá kan nínú márùn-ún ti lọ sí akáǹtì mìíràn kí n tó fọwọ́ kan ìyókù.