Bọ̀ọ̀dá, ẹ má tíì gbé oògùn yẹn mì: àṣìṣe táwa ọkùnrin ń ṣe lórí àtọ̀sí àti ọmọ bíbí

Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Ìkòròdú níbí, kò jìnnà sí Sábó. Ìyàwó á ti ṣe skáànù, á ti ṣe tẹ́ẹ̀sì họ́mọ́ònù, ìyá ọkọ á ti fojú ẹ̀ rí màbo, kó tó di pé ọkọ fúnra ẹ̀ yọjú wá gba ike tó máa fi gba àtọ̀ fún tẹ́ẹ̀sì. Bẹ́ẹ̀ nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tọmọ ń pẹ́ fún, ọ̀rọ̀ ọkùnrin wà ńbẹ̀.

"Kò kúkú dùn mí." Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣìnà. Àtọ̀sí sábà máa ń pariwo, ìtọ̀ á ta yín bí ata, ọyún á máa jáde, ṣùgbọ́n chlamydia, àìsàn ìbálòpọ̀ míì, ò lariwo, ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ní in ò mọ̀ rárá. Á rọra gòkè lọ sídìí iṣan tó lọ́ mọ́ ẹ̀yìn kórópọ̀n, ibi tí sperm, irúgbìn ọmọ inú àtọ̀, ti ń gbó, ibẹ̀ á wú, tó bá wá jinná á fi àpá sílẹ̀, àpá yẹn lè dí ọ̀nà pa. Tó bá dí lápá méjèèjì, kórópọ̀n ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ o, àtọ̀ náà ń jáde, ṣùgbọ́n kò sí sperm nínú ẹ̀. Kó tiẹ̀ má dí, àwọn sójà ara tó wá bá kòkòrò jà, iná tí wọ́n ń yìn máa ń ta bá sperm, á jó awọ wọn, á ba DNA inú wọn jẹ́, wọn ò ní lè sáré mọ́. Tí sójà yẹn bá ti lé ní mílíọ̀nù 1 nínú mìlílítà 1 àtọ̀, ó ti pọ̀ jù nìyẹn.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti kẹ́mísìtì. "Ẹ bá mi po ti àtọ̀sí", wọ́n á ka kápúsù aláwọ̀ mèrèmèrè sínú nylon, ọjọ́ 3 ìtọ̀ ò ta mọ́, ó tán. Kò tán o! Ọ̀pọ̀ àtọ̀sí òde òní ò gbọ́ ti oògùn cipro mọ́, abẹ́rẹ́ ni dókítà ń fún un, oògùn tí wọ́n sì sábà ń kọ fún chlamydia, ọjọ́ 7 gbáko ni. Mi ò bá àwọn ìyá alágbo jà, àmọ́ èyí tí wọ́n fi ògógóró rẹ yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Tẹ́ ẹ bá sì ti gbé oògùn mì kẹ́ ẹ tó wá ṣe tẹ́ẹ̀sì, kòkòrò lè sá pamọ́ fún wa.

Stáàfù ńkọ́? Gbogbo ìlú ló ń bẹ̀rù stáàfù. Ara awọ wa ni kòkòrò yẹn ń gbé, ẹ ò fọwọ́ ẹ ò fọ nǹkan ọkùnrin kẹ́ ẹ tó gba àtọ̀, ó hù nínú tẹ́ẹ̀sì, ẹ wá fi ọdún kan lé nǹkan tó lè má ṣe yín ní ohunkóhun.

Ẹ má gba àtọ̀ sínú kọ́ńdọ̀mù, òróró inú ẹ̀ ń pa sperm. Ẹ má ti Ìjẹdé gbé e wọ kórópe sínú gò-sílóò, láàárín wákàtí 1 ló yẹ kó dé ọwọ́ wa. Kẹ́ ẹ tó wá, ẹ yàgò fún ìyàwó fún ọjọ́ 2 sí 7, kì í ṣe oṣù kan.

Bọ̀ọ̀dá kan lo oògùn tán, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 ó ti dé, ó ní ká tún sperm òun kà. Mo ní sperm tuntun ń gba bí oṣù 3 kó tó jáde, kó lọ fara balẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ jókòó lórí bẹ́ńṣì níta. Mo bi í pé àǹtí náà ti lo tiẹ̀ àbí. Ó ní, "Kí ló fẹ́ fi ṣe, ṣé òun ló ń ṣàìsàn ni?"