Bí mo ṣe gbé dígí bàálù ajagun wọ yàrá mi n'Ílọrin

Bọ́ọ̀lù ni gbogbo ọmọ máa ń gbá ní ṣọ́ọ̀bù géèmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Adéwọlé, nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Tó bá ti kàn mí, màá bẹ ẹ̀gbọ́n tó ni ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n bá mi yọ sídì bọ́ọ̀lù, kí wọ́n fi ti bàálù sí i. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mi ò kì í dá wọn lóhùn, torí ojú mi ti lọ sára àwọn ìlà oníná tín-ín-rín tó ń kọ ara wọn sójú ọ̀run: bí bàálù ṣe ń sáré tó wà lápá òsì, bó ṣe ga tó wà lápá ọ̀tún, àpótí kékeré kan á sì há bàálù ọ̀tá mọ́ àárín.

Ace Combat 3 ni géèmù náà. Namco ló ṣe é ní Japan lọ́dún 1999 fún PlayStation àkọ́kọ́. Ọdún 2040 ni ìtàn inú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe orílẹ̀-èdè méjì ló ń jà níbẹ̀, iléeṣẹ́ ńlá méjì ni, General Resource àti Neucom. Lára àwọn bàálù inú rẹ̀, òmíràn ò ní fèrèsé rárá. Wọ́n dí ibi ìjókòó awakọ̀ pa, kámẹ́rà ló ń bá a wo ìta. Mo fẹ́ràn gbogbo ìyẹn dọ́kàn, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ràn jù ni bí àwọn ènìyàn 1999 ṣe ya àwòrán 2040: ìlà, nọ́ńbà, lẹ́tà tó ń tẹ ara rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn "pìì" kékeré lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ iwájú àtijọ́ ni mo máa ń pè é. Fóònù tó wà lápò mi lónìí lágbára ju gbogbo ẹ̀rọ inú rẹ̀ lọ, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ tí fóònù mi dùn ún wò tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni mo sọ fún ara mi pé mi ò ní máa wo dígí bàálù tí àwọn ìlà yẹn ń hàn lójú rẹ̀ nínú tẹlifíṣàn mọ́. Mo fẹ́ kó wà níwájú mi, kí n máa wo inú rẹ̀ kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ti gidi ṣe ń ṣiṣẹ́. Dígí kan máa ń dúró níwájú awakọ̀ bàálù ajagun, ó fì díẹ̀. Buccaneer àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ́kọ́ fò lọ́dún 1958, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó. Lábẹ́ dígí yìí ni túùbù kékeré kan wà, irú èyí tó wà nínú tẹlifíṣàn ayé ijọ́un, òun ló ń kọ nọ́ńbà. Ìmọ́lẹ̀ nọ́ńbà náà á gba inú lẹ́ǹsì kọjá, á bá dígí, á ta padà sójú awakọ̀. Iṣẹ́ lẹ́ǹsì yẹn ni pé kó jẹ́ kí nọ́ńbà dà bí ohun tó wà lọ́nà jíjìn réré, kí ojú awakọ̀ má baà máa wá ibi tó máa wò láàárín nọ́ńbà tó wà nítòsí àti òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n sì yan àwọ̀ ewé nítorí pé òun ni ojú ènìyàn ń tètè gbá mú jù nínú gbogbo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀.

Túùbù, dígí, àwọ̀ ewé. Mo ní kò sí èyí tí mi ò lè rí nínú àwọn mẹ́ta yìí.

Túùbù ni mo kọ́kọ́ rí. Tẹlifíṣàn black and white kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi àgbà ní Òmù-Àrán, aṣọ ni wọ́n fi bò ó. Wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi òkú tẹlifíṣàn ṣe. Mo ní mo fẹ́ jí i dìde ni, Màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbàdúrà fún un bí ẹni ń gbàdúrà fún arìnrìn-àjò. Itan mi ni mo gbé e lé nínú mọ́tò, a gba Àjàṣẹ́-Ìpo, a dé Ìlọrin, ẹsẹ̀ mi sì ti kú tipiri.

Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe nítòsí Baboko ni mo gbé e lọ bá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá tú tẹlifíṣàn bẹ́ẹ̀. Iná tó wà lára túùbù rẹ̀ lé ní 10,000 fóltì, ó sì lè sá pa mọ́ síbẹ̀ kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ wáyà kúrò lára ògiri. Mo wo bàbá náà bí wọ́n ṣe so wáyà mọ́ screwdriver, tí wọ́n so ìdí wáyà yẹn mọ́ irin ara tẹlifíṣàn, tí wọ́n wá rọra ti ẹnu screwdriver bọ abẹ́ rọ́bà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ túùbù. Ó dún "tá!" Wọ́n ní ó ti jáde. Kapásítọ̀ mẹ́ta tó ti wú ni wọ́n pààrọ̀, tẹlifíṣàn náà sì tàn.

PlayStation kò ní ibi tó ti lè wọ irú tẹlifíṣàn yìí, torí ihò áńtẹ́nà nìkan ló ní. Ẹ̀rọ fídíò ayé kásẹ́ẹ̀tì ló gbà mí. Mo ki wáyà géèmù bọ ẹ̀yìn fídíò, mo gba wáyà áńtẹ́nà láti ara fídíò lọ sára tẹlifíṣàn, mo wá yí tẹlifíṣàn lọ sí ṣánẹ́ẹ̀lì 36. Àwòrán jáde, ó ń yí gbirigbiri lọ sókè. Sídì Amẹ́ríkà ni tèmi, àwòrán 60 ló ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 50 ni tẹlifíṣàn tiwa mọ̀. Mo rọra yí bọ́tìnnì V-hold tó wà lẹ́yìn, àwòrán dúró. Lórí tẹlifíṣàn aláwọ̀ tiwa ńkọ́, sídì Amẹ́ríkà á yọ àwọ̀ sílẹ̀, á jáde ní dúdú òun funfun. Ẹni tó bá gbá géèmù láyé ìgbà yẹn á rántí. Lórí tẹlifíṣàn Òmù-Àrán, kò sí àwọ̀ kankan láti pàdánù.

Káfíńtà kan ní Sawmill ló bá mi gé pákó. Àpótí ni, tẹlifíṣàn dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, ó kọjú sókè. Àyè ìfì dígí wà lókè orí rẹ̀, orí dígí fì wá sọ́dọ̀ mi, ìdí rẹ̀ jìn sí mi. Mo fi búlọ́ọ̀kù pákó mẹ́rin gbé ẹ̀yìn tẹlifíṣàn kúrò nílẹ̀, mo sì de fáànù kọ̀ǹpútà kan síbẹ̀, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti ń mí, ooru á sì pa á tí a bá tẹ́ ẹ lé pákó gbalaja.

Dígí louvre ni mo kọ́kọ́ fi sí i. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rí ohun méjì.

Àkọ́kọ́ ni pé bàálù mi dojú dé. Ilẹ̀ wà lókè, ojú ọ̀run wà nísàlẹ̀. Òsì ò kúrò lósì, ọ̀tún ò kúrò lọ́tùn-ún, òkè àti ilẹ̀ nìkan ló pààrọ̀ àyè. Mo mú bébà kan, mo ya tẹlifíṣàn, mo ya dígí, mo ya ojú mi, mo fa ìlà. Etí tẹlifíṣàn tó jìnnà sí mi jù lọ ni dígí ń gbé lọ sísàlẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ etí yẹn gan-an ni orí àwòrán. Mo tún gbé e padà lọ sí Baboko.

Bàbá náà wò mí títí. "Ọmọ mi, àwòrán tó dojú dé ni gbogbo ayé ń gbé wá bá mi pé kí n tún un ṣe. Ìwọ ló gbé èyí tó dára wá pé kí n dojú ẹ̀ dé."

"Bàbá, ẹ ṣáà bá mi dojú ẹ̀ dé, ẹ máa rí i pé ó máa dára."

Nígbà tí mo ṣàlàyé dígí fún wọn tán, inú wọn dùn débi pé wọ́n pe ọmọṣẹ́ wọn kó wá wò ó. Kọ́ìlì kan wà tó yí ọrùn túùbù ká. Wáyà mẹ́rin ló jáde lára rẹ̀: méjì ló ń ti iná tó ń ya àwòrán láti òkè wá sílẹ̀, méjì ló ń tì í láti òsì lọ sọ́tùn-ún. Wọ́n fi mítà yẹ gbogbo wọn wò kí wọ́n lè mọ méjì tó jẹ́ ti òkè sílẹ̀, wọ́n jó òjé tó lẹ wáyà kúrò lẹ́nu àwọn méjì yẹn, wọ́n pààrọ̀ wọn, wọ́n tún un jó. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Orí ilẹ̀ ni bàálù wá ń fò lójú dígí.

Ohun kejì ló pẹ́ mi jù. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lójú dígí louvre ló bí ìbejì. 500 kan wà, òjìji 500 mìíràn wà lórí rẹ̀, àlàfo àárín wọn kò tó ẹ̀ẹ́kánná ọmọdé. Mo nu dígí títí, mo rò pé ojú mi ni. Ohun tó fà á ni pé ojú méjì ni dígí ní, iwájú àti ẹ̀yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ta nǹkan bí 4 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Bí dígí bá ṣe nípọn tó ni ìbejì á ṣe jìnnà síra wọn tó, louvre sì nípọn. Mo yọ ọ́. Dígí férémù fọ́tò ni mo rọ́pò rẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Ìbejì sún mọ́ra, àmọ́ wọn ò tíì di ẹyọ kan.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lẹ tíńtì mọ́tò ní Táíwò ni mo ti rí ojútùú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n gé tíńtì onífàdákà tó mọ́ jù fún mi, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kan ṣoṣo. Ojú tó ní tíńtì wá ń ta ìmọ́lẹ̀ padà lọ́pọ̀lọpọ̀ ju èkejì lọ, òjìji sì rẹ̀yìn débi pé ẹni tí kò bá mọ̀ kò ní rí i. Dígí bàálù gidi náà ní ohun tí wọ́n kùn ún, tó ń dá àwọ̀ ewé nìkan padà, tó sì ń jẹ́ kí àwọ̀ tó kù kọjá. Nígbà tí mo lẹ tíńtì yẹn tán, ó ṣe mí bíi pé àwọn ẹnjiníà ọ̀hún ti jókòó síbi tí mo jókòó sí rí, tí ìbejì kan náà ń dà wọ́n láàmú.

Àwọ̀ ewé ló rọrùn jù. Ọ̀rá aláwọ̀ ewé tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, tí wọ́n fi ń di apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn, ni mo tẹ́ lé ojú tẹlifíṣàn. Àwọn àgbà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Nínú Battlezone, géèmù ọkọ̀ ogun tí Atari gbé jáde lọ́dún 1980, ọ̀rá aláwọ̀ ni wọ́n fi bo túùbù tó ń ya ìlà funfun. Géèmù yẹn sì wọ àwọn sójà Amẹ́ríkà lójú débi pé wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn ṣe irú rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìbọn yíyìn.

Ọ̀pá ìdarí ńkọ́? Mo de páàdì mọ́ pákó láàárín ẹsẹ̀ mi, mo yọ fìlà orí ọ̀pá òsì rẹ̀, mo ki ìdí báírò gígùn bọ̀ ọ́, mo fi téèpù wé e. Bí ọ̀pá bá gùn, ọwọ́ á rìn jìnnà kí bàálù tó yí díẹ̀, ìfojúsùn á sì gún. PlayStation fúnra rẹ̀ ti gbó, lẹ́ńsì rẹ̀ kì í kàwé àfi tí mo bá dojú ẹ̀rọ dé. Mo dojú ẹ̀ dé.

Mo kọ́kọ́ gbé dígí sún mọ́ tẹlifíṣàn jù. Àwòrán lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn dígí bíi sítíkà. Bí tẹlifíṣàn bá ṣe jìn sí dígí nísàlẹ̀ ni àwòrán náà á ṣe jìn lẹ́yìn rẹ̀, torí náà káfíńtà bá mi fa ẹsẹ̀ àpótí gùn sí i, mo ti tẹlifíṣàn wálẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì. Mo ta búláńkẹ́ẹ̀tì dúdú sára ògiri níwájú, mo fi aṣọ dí fèrèsé.

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ́ kan ni. Mo ti jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré wa lọ sí ẹ̀yìnkùlé kí ariwo rẹ̀ lè jìnnà. Mo pa gílóòbù. Ìjà alẹ́ ni mo yàn. Tẹlifíṣàn kùn díẹ̀, ó gbóná, òórùn eruku àtijọ́ jáde lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìlà aláwọ̀ ewé kan fà gbọọrọ láàárín òkùnkùn, kò sí lára ohunkóhun, kò sí lára dígí, kò sí lára ògiri. Ó kàn dúró sínú afẹ́fẹ́. Nígbà tí mo fi ọ̀pá sí òsì, ìlà náà fì sí ọ̀tún, nọ́ńbà gíga ń gun òkè, ó kọjá 2,000. Mi ò yin ìbọn kankan ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Mo kàn ń yí, mo ń wò ó bó ṣe ń fì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún méje, yọjú sẹ́nu ilẹ̀kùn. Àwọn bàálù kékeré iléèwé awakọ̀ òfurufú tó wà ní pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin máa ń kọjá lókè ilé wọn, ó sì máa ń ka iye wọn. Mo ní kó wọlé, mo gbé e jókòó lé itan.

"Bọ̀dá, kí ló gbé nọ́ńbà yẹn dúró?"

Kí n tó dá a lóhùn, ó ti na ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ dígí lọ sẹ́yìn, ó ń fi ìka rọra wá nọ́ńbà náà nínú òkùnkùn, ìka rẹ̀ sì ń gba àárín 2,150 kọjá.