Bí Mo Ṣe Ṣètò Ìwọ̀n Oògùn Ásímà fún Àwọn Ọmọdé

Apoògùn ni mí ní ilé ìwòsàn kan nílùú Ìbàdàn. Èmi ni mo kọ àtẹ ìwọ̀n oògùn ásímà tí àwọn nọ́ọ̀sì wa ń wò nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ tí èémí ń dà láàmú wọlé. Kí n tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, èmi àti dókítà àwọn ọmọdé jọ ka ìlànà GINA, ẹgbẹ́ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993 nítorí ìtọ́jú ásímà, títí a fi fẹnu kò lórí ohun tí a óò lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ohun tí mo kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ ni pé a kì í wọn oògùn tí ọmọ ń fà sínú bí a ṣe ń wọn èyí tó ń gbé mì. Ọjọ́ orí ọmọ àti bí ìnira rẹ̀ ṣe pọ̀ tó la fi ń pinnu ti salbutamol inú ìnhélà, oògùn tó ń tètè ṣí ọ̀nà èémí, tí ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ 100 máíkírógíráàmù. Nígbà tí ásímà bá gbé ọmọ tí kò ju ọdún márùn-ún lọ, ìtẹ̀ 2 sí 6 ni mo kọ. Fún ọmọ ọdún 6 sí 11, ìtẹ̀ 4 sí 10. A lè tún un ṣe ní ogún ìṣẹ́jú síra wọn láàárín wákàtí àkọ́kọ́, kí a máa wo bí ìhà ọmọ ṣe ń fà wọnú. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ já gaara, tó ń tòògbé, tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú kò gbọ́dọ̀ dúró nílé rárá: ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Gbogbo iye yìí kò wúlò bí oògùn bá parí sí ọ̀fun, ìdí nìyí tí spacer, ike tí a ń ki ìnhélà bọ̀ kí ọmọ lè fa oògùn láti inú rẹ̀, fi gba àyè tó pọ̀ jù lórí àtẹ mi. Ẹ gbọn ìnhélà, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kí ọmọ mí nínú spacer lẹ́ẹ̀márùn-ún tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kí ẹ tó tẹ òmíràn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin nílò ìbòjú tó lẹ̀ mọ́ imú àti ẹnu rẹ̀ pinpin. Òbí tí kò bá rí owó spacer lè fi ike omi onímílílítà 500 ṣe é: ìwádìí tí Heather Zar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní South Africa lọ́dún 1999 fi hàn pé irú ike bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bíi ti ilé ìtajà, bí a bá dí etí ihò tí a ki ìnhélà bọ̀ dáadáa.

Prednisolone, oògùn gbígbé mì tó ń dín wíwú inú ọ̀nà èémí kù, ni ìṣirò rẹ̀ gba ìṣọ́ra jù lọ. Mílígíráàmù 1 sí 2 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ni, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ju 20 lọ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, 30 fún ọmọ ọdún 2 sí 5, àti 40 fún ọmọ ọdún 6 sí 11. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó wọn kílógíráàmù 25 lè jẹ́ 50 lórí ìwé, síbẹ̀ 40 la ó fún un, ìyẹn hóró oní-5 mẹ́jọ, fún ọjọ́ 3 sí 5. Bírò pupa ni mo fi kọ ààlà yìí.

Ní ti beclometasone tí ọmọ ń lò lójoojúmọ́ kí ásímà má baà gbé e, 100 sí 200 máíkírógíráàmù lójúmọ́ ni ìwọ̀n kékeré fún ọmọ ọdún 6 sí 11. Ṣùgbọ́n agolo oní-50, oní-100 àti oní-250 wà lórí àtẹ ìtajà, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, nítorí náà ìtẹ̀ kan láti inú oní-250 ti ré kọjá ìwọ̀n kékeré. Mo ní kí wọ́n máa kọ agbára agolo sára ìwé oògùn, kí ọmọ sì máa fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn tó bá lò ó.

Ọ̀pọ̀ òbí ṣì ń béèrè fún salbutamol olómi. N kò fi í sórí àtẹ náà: ó ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, ó sì máa ń mú kí ọwọ́ ọmọ gbọ̀n, kí ọkàn rẹ̀ sì máa sáré ju ti ìnhélà lọ. Ìlà tó kẹ́yìn ni pé kí dókítà tó gbé ìwọ̀n kankan sókè, kí ọmọ náà kọ́kọ́ lo ìnhélà rẹ̀ níwájú nọ́ọ̀sì.