Ẹ má gbé ara yín fún ogbó kó tó dé: àwọn àṣìṣe tá a máa ń ṣe

Ọjọ́ tí ọlọ́kadà kan kọ́kọ́ pè mí ní "màmá" l'Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, inú bí mi débi pé mi ò bá a ná owó mọ́, mo kàn fẹsẹ̀ rìn gba Arákàlẹ̀ lọ. Ẹni 50 ọdún ni mí o. Mo délé mo wo dígí, mo rí i pé ọmọ yẹn ò parọ́.

Àṣìṣe tí mò ń rí jù ni ká máa di gbogbo nǹkan ru ogbó. Orúnkún ń dunni, "àgbà ti dé." Ojú ń ṣe bàìbàì, "àgbà náà ni." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú yẹn lè jẹ́ cataract, ìyẹn kí awò inú ẹyinjú máa ṣú, tí wọ́n lè fi iṣẹ́ abẹ yọ, ó sì lè jẹ́ glaucoma, àìsàn tó ń ba iṣan ojú jẹ́, ìyẹn tó jẹ́ pé èyí tó bá ti bà jẹ́ ò ṣeé tún ṣe mọ́, kéèyàn tètè lọ ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ní tiẹ̀ lè wà lára fún ọdún púpọ̀ kó má sọ̀rọ̀ rárá.

Ẹ tún yéé fi ẹnu ara yín sọ ara yín di arúgbó, "kí lèmi fẹ́ fi ìyẹn ṣe, mo ti dàgbà jàre." Becca Levy, onímọ̀ kan ní yunifásítì Yale l'Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2002, èèyàn 660 tí wọ́n ti pé 50 sókè ni wọ́n wò ní Ohio, àwọn tó ní èrò rere nípa ọjọ́ orí wọn fi nǹkan bí ọdún 7 àbọ̀ pẹ́ láyé ju àwọn tí èrò tiwọn ò dáa lọ. Mi ò sọ pé èrò rere ló ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn o, ẹ má lọ da oògùn yín nù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbà pé òun ti parí, kí ló fẹ́ tún jáde lọ ṣe?

Òṣìṣẹ́ ìjọba tí 60 ń lé bọ̀ náà ńkọ́, tó lọ ṣe àfídéfíìtì láti gé ọdún mẹ́ta dànù? Wọ́n á máa kí i kú ọjọ́ ìbí ní ọ́fíìsì, òun á máa rò ó pé mélòó gan-an ni mo ní mo pé. Dáì orí ní tiẹ̀, ẹ kùn ún tó bá wù yín, èmi náà ń kùn ún.

Èyí tó burú jù, àwa ọmọ la máa ń ṣe é. Ó lé ní 40 ọdún tí Mọ́mì mi ti ń ta èlùbọ́ àti ẹ̀wà l'Ọjà Ọba. Nígbà tí wọ́n pé 76 wọ́n yọ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn òjò, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣe mítìn lórí WhatsApp, a ní bí a bá dàgbà à yé ogun jà, a ti ṣọ́ọ̀bù, a kó wọn lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi n'Íjàpọ̀, a ra tẹlifíṣọ̀n ńlá. A rò pé ìtọ́jú nìyẹn. Kò pé oṣù mẹ́ta, obìnrin tó máa ń pariwo mọ́ oníbàárà ti ń sùn láago méjì ọ̀sán. Ọjọ́ kan mo bá wọn ní kíṣìnnì, wọ́n ń fi kóńgò wọn ìrẹsì ilé sínú ike, wọ́n á rọ ọ́ kó ga, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí ẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á tún wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Mo ní, "Mọ́mì, kí lẹ ń ṣe?" Wọ́n ní, "Mò ń fi ènì sí i ni." Ènì fún ta? Mo wọ yàrá lọ sunkún.

A tún ṣọ́ọ̀bù ṣí. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọmọ kan ló ń bá wọn gbé ẹrù, wọn ò gun ọ̀kadà mọ́, a fi sìmẹ́ǹtì tún iwájú ibẹ̀ ṣe, a ra bàtà tí kì í yọ̀ fún wọn. Ohun tó yẹ ká ti ṣe látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lánàá mo pè wọ́n, wọn ò gbé e. Nígbà tí wọ́n máa pè padà, wọ́n ní kí n yéé pe àwọn lọ́jọ́ ọjà, oníbàárà ló wà níwájú àwọn.