Bí mo ṣe wá ẹ̀rọ Turing onípò mẹ́ta tó pẹ́ jù kó tó dúró

Ẹ̀rọ Turing, ẹ̀rọ ìṣirò inú èrò, kò gba ju ìwé àti bírò lọ: téèpù tí kò lópin, 0 ló kún inú rẹ̀, orí kan tó ń ka àpótí kan lẹ́ẹ̀kan, àti ipò díẹ̀ (A, B, C…) tó ń sọ ohun tó máa ṣe. Lọ́dún 1962, Tibor Radó, onímọ̀ ìṣirò, béèrè pé: nínú gbogbo èyí tí iye ipò wọn dọ́gba tó sì máa dúró, èwo ló pẹ́ jù?

Onípò méjì ni mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ ṣe. Ní A, bó bá ka 0, ó kọ 1, ó lọ sí ọ̀tún, ó di B. Bó bá ka 1, ó fi í sílẹ̀, ó lọ sí òsì, ó di B. Ní B, bó bá ka 0, ó kọ 1, ó lọ sí òsì, ó di A. Bó bá ka 1, ó dúró. Ẹ tẹ̀lé e: ìgbésẹ̀ 6 (ìgbésẹ̀ tó fi dúró wà nínú rẹ̀), 1 mẹ́rin lórí téèpù. Òun ni ọ̀gá wọn.

Iye ẹ̀rọ onípò mẹ́ta jẹ́ 16,777,216. Mo dín in kù. Bí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ bá dá a padà sí A, kò ní dúró láéláé. Bó bá dúró níbẹ̀, ìgbésẹ̀ kan péré ni. Òsì àti ọ̀tún ò yàtọ̀, B àti C náà ò yàtọ̀, orúkọ lásán ni. Ó ku 2,097,152.

Nínú Python, èdè tí mo fi kọ ètò kọ̀ǹpútà mi, ẹ má fi list ṣe téèpù. Bí orí bá kọjá 0 sí òsì, list[-1] á lọ ka àpótí ìkẹyìn, kò sì ní pariwo rárá. Èsì tó bàjẹ́ lẹ máa rí. Dictionary ni mo lò. Ìgbàkigbà tí ẹ bá kọ 0, ẹ yọ àpótí náà kúrò pátápátá, torí bí ẹ bá ń fi téèpù wéra, Python ka àpótí tó ní 0 sí ọ̀tọ̀ sí èyí tí kò sí. Ní Kubwa tí a wà, iná ò ṣe é gbójú lé, nítorí náà mo ń kọ èsì sí fáìlì lẹ́yìn ẹ̀rọ 100,000 kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó pẹ́ jù dúró ní ìgbésẹ̀ 21, 1 márùn-ún ló sì fi sílẹ̀. Òmíràn fi mẹ́fà sílẹ̀, àmọ́ kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà ni àwọn tí kò tíì dúró. Ẹ̀rọ tó dúró ti fi ẹ̀rí ara rẹ̀ hàn. Èyí tó ṣì ń sáré ò tíì sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá dá onípò márùn-ún dúró ní mílíọ̀nù kan ìgbésẹ̀ ti ju ọ̀gá wọn nù, torí ìgbésẹ̀ 47,176,870 nìyẹn sá. Ọdún 2024 ni wọ́n tó fi Coq, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yẹ ẹ̀rí ìṣirò wò, fìdí èyí múlẹ̀.

Nítorí náà ìdí tí kò fi ní dúró ni mo ń wá fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó ṣì ń sáré. Bí ipò, ibi tí orí wà àti téèpù bá tún bá ti tẹ́lẹ̀ mu, ó ti ń yí po nìyẹn. Àwọn kan ń ṣe ohun kan náà, wọ́n kàn ń sún síwájú ni. Àwọn tó le jù ń lọ ń bọ̀, téèpù sì ń gùn sí i. Fún irú èyí, ẹ ní láti fi hàn pé bí iye 1 orí téèpù bá jẹ́ n, lẹ́yìn ìlọ-bọ̀ kan á di n+1. Nígbà tí Radó àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Shen Lin, ṣe ti onípò mẹ́ta, ẹ̀rọ 40 ló ṣẹ́ kù tí wọ́n fi ojú yẹ̀ wò. Kò sí ọ̀nà kan ṣoṣo tó máa ká gbogbo ẹ̀rọ. Turing ti fi èyí hàn lọ́dún 1936.

Ẹ ṣe òpó ìdí sínú fáìlì yín. Èyí tí kò bá tíì ní ìdí, “kò tíì dájú” ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, ẹ má kọ “kì í dúró”.