Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá eku yín ti gba oyún ẹ̀tàn

Oyún ẹ̀tàn ni pé ara abo eku á máa ṣe bíi pé ó lóyún, kò sì sí ọmọ nínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe prójẹ́ẹ̀tì lórí prolactin, hormone tó ń mú kí ọmú ṣe wàrà, ní Ìlọrin níbí, ẹ má tíì fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, iná yàrá eku ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tò. Wákàtí 12 ìmọ́lẹ̀, wákàtí 12 òkùnkùn, kó má yẹ̀. Iná ìjọba ò ṣeé gbọ́kàn lé, ẹ wá sólà àti táímà. Iná tí kì í kú tọ̀sántòru náà ò da o, inú estrus, ìyẹn àsìkò tí abo ń gba akọ, leku á kàn há sí.

Àràárọ̀ lẹ máa yẹ ojú ara abo eku wò. Ẹ fi pípẹ́ẹ̀tì fún nọ́mà sálàìnì (omi iyọ̀) díẹ̀ wọlé, ẹ fà á padà, ẹ má tì í jìn o, tó bá lọ gún ọrùn ilé ọmọ, ẹ lè fọwọ́ ara yín dá oyún ẹ̀tàn sílẹ̀ láìmọ̀. Ẹ kán an sórí siláìdì, ẹ wò ó nínú máíkírósíkóòpù. Sẹ́ẹ̀lì roboto tó ní kóró (nucleus) nínú, proestrus nìyẹn, ọjọ́ tó ṣáájú estrus, estrogen (hormone abo) ilé ẹyin ti gòkè, òun ló sì ń ti prolactin sókè lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Tó bá rí bí ìpẹ́ ẹja tí ò ní kóró, estrus ni. Tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun bá kún ibẹ̀, diestrus, ìyẹn àsìkò ìsinmi láàárín estrus kan sí ìkejì. Ọjọ́ 4 sí 5 ló fi ń yí po.

Nírọ̀lẹ́ proestrus, ẹ fi akọ tí wọ́n ti gé ọ̀nà àtọ̀ ẹ̀ sọ́dọ̀ ẹ̀. Ó máa gùn ún, oyún ò ní dúró, àmọ́ ọrùn ilé ọmọ ti ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Látìgbà yẹn, prolactin á máa ru lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìkan ní nǹkan bí aago 3 òru, ìkan ní nǹkan bí aago 6 ìrọ̀lẹ́, òun ni ò ní jẹ́ kí corpus luteum, ohun tó ṣẹ́kù nínú ilé ẹyin lẹ́yìn tí ẹyin ti jáde, kú, ìyẹn náà á sì máa tú progesterone, hormone tó ń gbé oyún ró, jáde. Ẹni tó wá gba ẹ̀jẹ̀ ní aago 12 ọ̀sán tó ní òun ò rí prolactin, aago ẹ̀ ló kọ́kọ́ yẹ kó wò.

Ibi tó dùn jù nìyí: tẹ́ ẹ bá yọ ilé ẹyin kúrò pátápátá kẹ́ ẹ tó ru ọrùn ilé ọmọ, prolactin ṣì máa ru. Ọpọlọ ló ni ìlù yẹn, dopamine, kẹ́míkà ọpọlọ tó ń di prolactin mú, ló ń dẹwọ́; hormone ilé ẹyin kàn ń mú un le tàbí kó dín in kù ni.

Tí diestrus bá kọ̀ tí ò lọ fún ọjọ́ 12 sí 14, oyún ẹ̀tàn ti wọlé nìyẹn. Ẹ̀rù náà ń gbé prolactin sókè, torí náà ẹ jẹ́ kí eku mọ ọwọ́ yín dáadáa ṣáájú ọjọ́ ẹ̀jẹ̀, tó bá sì di òru, iná pupa tó rọra ń tàn ni kẹ́ ẹ lò.